Ìṣẹ́jú Ta Ni Wọ́n Ń Gbà? Ọlọ́pàá àti Aráàlú Nínú Ìlú Orí Íntánẹ́ẹ̀tì



Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Los Santos. Kò sí lórí máàpù ayé, síbẹ̀ àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn mọ òpópónà rẹ̀ bí ẹni mọ àdúgbò tí wọ́n bí i sí. Òkun wà lápá kan, òkè wà lápá kejì, báńkì ńlá wà láàárín ìgboro, àgọ́ ọlọ́pàá sì wà ní Mission Row. Ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà ni ilé iṣẹ́ Rockstar Games wò tó fi ṣe é, fún eré Grand Theft Auto V tó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013. Wọ́n ti ta ju mílíọ̀nù 200 ẹ̀dà eré náà lọ.

Nínú eré yẹn bí wọ́n ṣe ń tà á lọ́jà, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ọlọ́pàá. Bí òṣèré bá lu òfin, ìràwọ̀ á yọ lójú ìwò, láti 1 dé 5. Bí ìràwọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ọkọ̀ àti hẹlikópítà ọlọ́pàá á máa pọ̀ sí i, ìbọn ni wọ́n á sì fi máa sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé kí ló dé, nítorí kò sí ènìyàn kankan nínú wọn.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ òṣèré ló ti mú ọlọ́pàá kọ̀ǹpútà yẹn kúrò, tí wọ́n fi ènìyàn ẹlẹ́ran ara rọ́pò rẹ̀. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹni tó jókòó sí yàrá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lè jẹ́ ọlọ́pàá, ẹni tó wà ní Texas lè máa wa takisí, ẹni tó wà ní Sydney lè jẹ́ dókítà tàbí adigunjalè. Ohùn ara wọn ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Roleplay ni àwọn tó ń ṣe é ń pè é. Lórí ètò yìí, eré ẹ̀dá-ìtàn la ó máa pè é, torí oníkálukú ló gbé ẹ̀dá kan wọ̀, ẹ̀dá tó ní orúkọ, tó ní iṣẹ́, tó ní ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá, tí òṣèré kò sì gbọdọ̀ bọ́ sílẹ̀ títí yóò fi jáde nínú ìlú náà.

Ọ̀rọ̀ tó wà níwájú wa ni ti òfin: èwo ló yẹ kó de ọlọ́pàá, èwo ló yẹ kó de aráàlú, kí ni a ó sì fi wọ̀n wọ́n kí apá kan má baà tẹ̀ ju èkejì lọ? Ọ̀rọ̀ yìí ló ń da irú ìlú bẹ́ẹ̀ rú jù, ó sì yẹ kí á fara balẹ̀ wò ó.

Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ mú wá ni pé kí agbára dọ́gba: bí ọlọ́pàá bá ní ìbọn ńlá, kí olè náà ní in, bí olè bá ní ọkọ̀ tó ń sáré, kí ọlọ́pàá ní èyí tó yá jù ú lọ. Ìdáhùn yẹn kò kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Nínú ìlú wọ̀nyí, owó kì í ṣe owó. Ọkọ̀ tó jóná, wọ́n á gbé òmíràn jáde ní gáréèjì. Ẹni tó kú á jí sórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Ohun kan ṣoṣo tí ènìyàn ń ná níbẹ̀ tí kò ní padà rí ni àkókò rẹ̀: wákàtí méjì tàbí mẹ́ta tó rí lẹ́yìn iṣẹ́ tàbí lẹ́yìn ilé ìwé. Òun ló yẹ kó wà lórí ìwọ̀n. Ẹni tí wọ́n bá sì fún ní agbára láti gba àkókò ẹlòmíràn, ìyẹn ọlọ́pàá tó lè dá ènìyàn dúró, tó lè dè é, tó lè tì í mọ́lé, òun ni okùn òfin gbọ́dọ̀ le mọ́ jù.

Irú eré báyìí kò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Lọ́dún 2006, àwọn olólùfẹ́ Grand Theft Auto: San Andreas gbé ètò kan jáde tó ń jẹ́ SA-MP, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ wọ ìlú kan náà. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta eré mìíràn, Garry's Mod, inú rẹ̀ sì ni eré DarkRP ti gbilẹ̀. Nígbà tí Grand Theft Auto V dé, irú ètò bíi SA-MP tó ń jẹ́ FiveM tẹ̀ lé e. Lákọ̀ọ́kọ́, Rockstar kò fẹ́ rí i rárá. Lọ́dún 2015, ó ti àkáǹtì àwọn tó ń kọ ọ́ pa. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2023, Rockstar yìí kan náà ló ra ẹgbẹ́ Cfx.re tó ni FiveM. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ìlú NoPixel, tó wà lórí FiveM, ti ṣí ẹ̀ka rẹ̀ kẹta ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, àwọn òṣèré rẹ̀ ń fi eré wọn hàn tààrà lórí ìkànnì Twitch, ogunlọ́gọ̀ sì ń wò wọ́n bí ẹni ń wo fíìmù àgbéléwò.

DarkRP ló rọrùn jù láti fi kọ́ bí òfin irú ìlú bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, torí díẹ̀ ni òfin rẹ̀. Olórí ìlú wà, tí wọ́n ń pè ní Mayor. Ọlọ́pàá wà, tí wọ́n ń pè ní Civil Protection. Oníṣòwò ìbọn, ọmọ ìta àti alárìnká wà níbẹ̀. Òfin mẹ́ta ni eré náà gbé kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: má ṣe kọlu ará ìlú àfi láti gba ara rẹ là, má jalè tàbí fọ́ ilé onílé, ẹ̀rọ tó ń tẹ owó àti oògùn olóró sì lòdì sófin. Olórí ìlú lè fi tirẹ̀ kún un. Ọlọ́pàá kò lè kàn já ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni wọlé. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ ìwé àṣẹ, kó sì sọ ìdí rẹ̀. Bí olórí ìlú bá wà nílé, òun ló máa fọwọ́ sí i tàbí kó kọ̀ ọ́.

Ẹ wo àkókò nínú ìlànà yẹn. Bí àwọn alákòóso kò bá yí i padà, ìṣẹ́jú-àáyá 120 ni ẹ̀wọ̀n DarkRP. Ìṣẹ́jú méjì péré! Ẹni tí wọ́n mú láìṣẹ̀ á bínú, àmọ́ kò ní sọ pé wọ́n ba alẹ́ òun jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òṣèré lè dìbò yọ ọlọ́pàá tó ń ṣi agbára lò kúrò lẹ́nu iṣẹ́, lójú ẹsẹ̀, kó padà di ará ìlú lásán. Ìjìyà kúkúrú, ìbò tó wà nítòsí: ohun méjì yìí ló jẹ́ kí ìlú tó kún fún ọmọdé àti àlejò lè máa bá a lọ láìsí adájọ́ kankan.

Ìlú FiveM yàtọ̀. Ẹ̀dá-ìtàn kan lè wà níbẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì. Ẹ̀wọ̀n ibẹ̀ a máa gùn, ìṣirò tó sì wọ́pọ̀ ni pé oṣù kan lẹ́nu ọlọ́pàá jẹ́ ìṣẹ́jú kan lójú aago. Ká ní wọ́n lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan fún ogún ìṣẹ́jú, wọ́n mú un, wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹ ara rẹ̀ wò, tí wọ́n ń kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n wá sọ ọ́ sẹ́wọ̀n oṣù 30. Wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú márùn-ún ti lọ. Bí ilé iṣẹ́ rẹ̀ bá ń retí rẹ̀ láàárọ̀, eré rẹ̀ ti alẹ́ yẹn ti tán.

Síbẹ̀, ará ìlú náà ní agbára tirẹ̀: kò bẹ̀rù ikú. Láyé tòótọ́, bí ìbọn bá dojú kọ ènìyàn, àyà rẹ̀ á já. Nínú eré, kò sí ohun tó lè já a láyà bí kò ṣe òfin. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìlú tó gbó fi ní òfin ìbẹ̀rù ẹ̀mí: bí ìbọn mẹ́ta bá dojú kọ ọ́, tí tìrẹ wà lápò, gbé ọwọ́ sókè, kí o sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ dé ilé láàyè. Bí òfin yìí kò bá sí, kò sí ohun tí ọlọ́pàá lè bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà lé lórí, ìbọn nìkan ló kù.

Òfin yòókù tó de aráàlú kò ṣòro láti lóye. Ẹ̀ṣẹ̀ ni láti pa ènìyàn láìnídìí, RDM ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó kú gbọ́dọ̀ gbàgbé bó ṣe kú àti ẹni tó pa á, kò gbọdọ̀ jí kó wá gbẹ̀san. Ohun tí òṣèré rí lórí Twitch, ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, nítorí náà ẹni tó fara pa mọ́ sí ilé kan kò gbọdọ̀ rí ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà kìkì nítorí pé ọlọ́pàá yẹn ń wo fídíò rẹ̀. Òfin sì wà lòdì sí fífín ọlọ́pàá níràn: ẹni tó ń wakọ̀ yípo àgọ́ wọn, tó ń fọn fèrè, tó ń kọlu ọkọ̀ wọn kí wọ́n lè lé e, ń gba àkókò ènìyàn mẹ́fà láti dá ara rẹ̀ nìkan lára yá. Ọlọ́pàá náà ní alẹ́ tirẹ̀ tí kò yẹ kí wọ́n fi ṣòfò.

Ní ti ọlọ́pàá, iye ni ohun àkọ́kọ́. Láyé tòótọ́, ọlọ́pàá kan a máa wà láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún ará ìlú. Nínú eré, ìlú tó ní ènìyàn 60 lè ní ọlọ́pàá 20, torí iṣẹ́ náà dùn, wọ́n sì ń fún ni ní ọkọ̀ ńlá. Bí adigunjalè mẹ́rin bá wọ báńkì ìlú yẹn, ìjà ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìlú fi ń fi gègé sí iye ọlọ́pàá tó lè tẹ̀ lé ìdigunjalè kan, tí wọ́n sì ń fi gègé sí iye àwọn olè pẹ̀lú. Lódìkejì, báńkì kò ní ṣeé ṣí rárá bí ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò bá tó iye kan. Òfin kejì yìí bọ́gbọ́n mu gan-an, torí olè tó jalè níbi tí kò sí ọlọ́pàá kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Owó lásán ló lọ kó.

Lẹ́yìn ti iye ni àtẹ̀gùn ipá. Ọlọ́pàá á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, á fi ọwọ́ mú ni, á lo taser tó ń fi iná mànàmáná gbọ̀n ènìyàn, kó tó kan ìbọn. Òfin Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ ìlú ń wò kọ èyí, níwọ̀n bí Los Santos ti jẹ́ ìlú Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ tí ọlọ́pàá inú eré ń kà sí ẹni tó mú létí, pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́, pé ó lẹ́tọ̀ọ́ sí agbẹjọ́rò, inú ẹjọ́ Miranda ti ọdún 1966 ló ti wá. Òfin tó sọ pé kí wọ́n má yìnbọn sí ẹni tó ń sá lọ ní ẹ̀jẹ̀ lára. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1974, ọlọ́pàá kan ní Memphis yìnbọn pa Edward Garner, ọmọ ọdún 15 tí kò mú ohun ìjà kankan dání, bó ṣe ń gun ọgbà láti sá lọ. Lọ́dún 1985, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ pa ẹni tó ń sá lọ, àfi bí ìdí bá wà láti gbà pé ẹni náà léwu gidi fún ẹ̀mí ẹlòmíràn. Ọ̀dọ́ tó ń ṣe ọlọ́pàá nínú eré, tí wọ́n sì ní kó má yìnbọn sí ẹ̀yìn olè tó ń sá, ń pa òfin kan mọ́ tí ẹ̀mí ọmọ ènìyàn lọ sí i.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo òfin ayé ló ṣeé gbé wọ inú eré. Láyé tòótọ́, ọlọ́pàá lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wádìí ọ̀rọ̀, wọ́n sì lè ti afurasí mọ́lé di ọjọ́ kejì kó tó dé kóòtù. Bí ìlú eré bá ṣe bẹ́ẹ̀, afurasí náà á pa kọ̀ǹpútà rẹ̀, á lọ sùn. NoPixel gbìyànjú láti wá ojútùú: agbẹjọ́rò wà níbẹ̀, adájọ́ wà, wọ́n sì ń gbọ́ ẹjọ́ gidi tí àwọn òṣèré fúnra wọn ń rò. Ẹjọ́ ńlá nìkan ló tọ́ sí irú ètò bẹ́ẹ̀. Fún olè kékeré, ohun tó dára jù ni owó ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n ìṣẹ́jú díẹ̀, kó lè padà sẹ́nu eré.

NoPixel yìí náà ló jẹ́ kí gbogbo ayé rí bí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ṣe lè gbóná tó. Lọ́dún 2021, gbajúmọ̀ òṣèré orí Twitch tí wọ́n ń pè ní xQc wọ ìlú náà, ó sì ń ṣe adigunjalè. Wọ́n lé e kúrò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín oṣù díẹ̀, aáwọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá inú eré sì wà lára ohun tó fà á. Nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń wo ojú olè nìkan, gbogbo ìgbà tí ọlọ́pàá bá mú un ló ń dà bí ìrẹ́jẹ lójú wọn. Òṣèré tó ń ṣe ọlọ́pàá á wá máa gba èébú lọ́wọ́ àwọn tí kò rí apá tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn àgbà ti pe ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá ní àgbà òṣìkà. Ìlú tó bá fẹ́ kí ọlọ́pàá rẹ̀ máa ṣe sùúrù gbọ́dọ̀ dáàbò bo wọ́n lọ́wọ́ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan lè béèrè pé ṣé kò ní sàn kí kọ̀ǹpútà padà máa ṣe ọlọ́pàá. Wọ́n ti dán an wò. Nínú Ultima Online, tó jáde lọ́dún 1997, ẹni tí wọ́n bá kọlù láàárín ìlú á pariwo pe ẹ̀ṣọ́, ẹ̀ṣọ́ á sì yọ lójijì, á pa arúfin náà lójú ẹsẹ̀. Àwọn apànìyàn bá kó lọ sínú igbó tí ẹ̀ṣọ́ kì í dé, wọ́n ń ba níbẹ̀ de aláìṣẹ̀. Lọ́dún 2000, àwọn tó ni eré náà pín ayé rẹ̀ sí méjì: Felucca, níbi tí ìpànìyàn ṣì wà, àti Trammel, níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè pa ẹlòmíràn bí ẹni náà kò bá gbà. Nínú EVE Online, eré ojú òfúrufú tí ilé iṣẹ́ CCP ní Iceland gbé jáde lọ́dún 2003, ọlọ́pàá kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ CONCORD ní agbára ju gbogbo òṣèré lọ. Ẹni tó bá kọlu aláìṣẹ̀ ní àgbègbè tí ààbò wà, ọkọ̀ rẹ̀ máa parun dandan. Kí ni àwọn jàǹdùkú ṣe? Wọ́n ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tí CONCORD máa ń lò kó tó dé, wọ́n kó ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú jọ, wọ́n pa ẹran wọn kí ọlọ́pàá tó yọ. Ọlọ́pàá kọ̀ǹpútà kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kì í sì í bínú, ṣùgbọ́n kì í fetí sí àlàyé. Ìtàn tó ń dùn nínú eré ẹ̀dá-ìtàn wà níbi tí ọlọ́pàá ti lè dúró, kó gbọ́ ọ̀rọ̀, kó yí ọkàn padà.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn tó ń ta ayò ọlọ́pọ́n ti gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Bí ọmọ ayò bá tán pátápátá nílé ẹni tí a jọ ń ta, tí a sì ní ọ̀nà láti fi ọmọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, dandan ni kí á ṣe é, kó lè rí nǹkan ta. Ẹni tó ń borí ló ni ojúṣe yẹn. Ohun kan náà ni òfin tó dára ń béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá inú eré. Bó ti di olè mú, kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ lófo: kó jẹ́ kó sọ̀rọ̀, kó jẹ́ kó pe agbẹjọ́rò, kó fún un láǹfààní láti sọ orúkọ ẹni tó rán an níṣẹ́ kí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè dín kù. Olè náà, bó bá mú ènìyàn ní ìgbèkùn nínú báńkì, ojúṣe yìí kan náà wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tí wọ́n so mọ́ àga fún ogójì ìṣẹ́jú láìsí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ ti sọ alẹ́ rẹ̀ nù lásán.

Àwọn òbí tó ń gbọ́ wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú, torí ó ṣeé ṣe kí ọmọ yín ti máa ṣe ọlọ́pàá lórí Roblox. Eré kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Emergency Response: Liberty County, tó ní ọlọ́pàá, panápaná, àwọn tó ń tún ojú ọ̀nà ṣe, àti aráàlú. Àwọn ọmọdé wà níbẹ̀, irú òfin tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n sì ń lò, pẹ̀lú òmíràn tó lòdì sí kí ènìyàn já ara rẹ̀ kúrò nínú eré nígbà tí wọ́n fẹ́ mú un. Ọmọ ọdún 12 tí wọ́n fún ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti àṣẹ ń kọ́ bí a ṣe ń lo agbára. Bí àgbàlagbà kan bá bi í léèrè pé, "Ẹni tí o mú lónìí, kí ló ṣe? Ṣé o jẹ́ kó ṣàlàyé?", ẹ̀kọ́ ńlá ni.

Ọ̀dọ́ tó bá wá fẹ́ dá ìlú tirẹ̀ sílẹ̀, yálà ní Ìbàdàn ni o tàbí ní Peckham, ohun mẹ́ta ló yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀. Èkíní, kó jẹ́ dandan pé gbogbo ọlọ́pàá ń ká fídíò iṣẹ́ wọn sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ̀sùn kàn wọ́n lè rí ẹ̀rí. Kí alákòóso tó jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá má sì dá ẹjọ́ tó kan ọlọ́pàá. Èkejì, kí gbogbo ẹni tó ń ṣe ọlọ́pàá máa lo wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ará ìlú, kó lè mọ bí ó ṣe ń rí lẹ́yìn ilẹ̀kùn àhámọ́. Ẹ̀kẹta ni ìwé àkọsílẹ̀ kan: fún oṣù àkọ́kọ́, kí wọ́n kọ ìgbà tí wọ́n dá ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró àti ìgbà tí wọ́n dá a sílẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ju ìdajì wákàtí lọ, kí wọ́n gé ẹ̀wọ̀n kúrú, kí wọ́n sì dín ìwé tí ọlọ́pàá ń kọ kù, kí wọ́n tó fi kún ìbọn ẹnikẹ́ni.

Ibi tí a máa dúró sí lónìí nìyí. Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò tó ń ṣe irú eré yìí, ẹ jókòó tì í lálẹ́ òní, kí ẹ sì ní kó ka òfin ìlú rẹ̀ sí yín létí.